Ìlà Kẹta Kò Dìde

Ẹ bá mi kí ọrùn ọmọ ènìyàn. Ọrùn tó ń gbé orí, tó ń gbé ẹrù, tó tún ní iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì torí rẹ̀ fi í joyè: iṣẹ́ yíyí padà sẹ́yìn nígbà tí ẹni tó ni ín bá ti rí àyè iwájú jókòó sí. Ẹ̀yin náà ti rí i. Ọkùnrin á wọ gbọ̀ngàn eré, á kọjá lára àwọn ìlà ẹ̀yìn bí ẹni tó ń kọjá lára àkìtàn, á jókòó síwájú, á tún bàbáńrígà rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni ọrùn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò wá ẹnikẹ́ni o. Ó kàn fẹ́ mọ iye ojú tó rí i ni. Ọrùn náà kì í yára, nítorí ọrùn tó bá yára, ti mẹ̀kúnnù ni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí, bí ilẹ̀kùn báńkì, á dúró lápá ọ̀tún, á sinmi lápá òsì, kí ibì kan má baà ṣe ìlara ibì kejì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ nípa ipò àti agbára ní yunifásítì. Ọrùn yẹn ìbá ti kọ́ mi ní ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni mo fẹ́ sọ, ní Niamey níbí, ọjọ́ tí ìyá mi lọ wo eré orí ìtàgé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Ìyá mi ti ń ta aṣọ ní Ọjà Ńlá láti ìgbà tí wọ́n ti mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìyàwó tuntun. Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ni ilé wa. Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ilé, ló lọ di òṣèré. Ọdún méjì gbáko ni ìyá mi ò fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ iṣẹ́ náà. Bí ẹnìkan bá bi í pé kí ni àbíkẹ́yìn ń ṣe báyìí, á ní, "Ó wà ní ilé ńlá kan lẹ́bàá odò," bí ẹni pé Odò Ọya ló gba ọmọ náà síṣẹ́ akọ̀wé.

Nígbà tó fi máa gbà láti lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Àbúrò mi bá wọn ojú ìyá wa bí a ti ń wọn aṣọ. Ó fi í jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, òun fúnra rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn lọ nínú àgbàlá.

"Ìyá, ṣé ẹ ṣì rí imú mi?"

"Mo rí i."

"Ẹnu mi ńkọ́?"

"Nígbà tí kò dákẹ́, báwo ni mi ò ṣe ní rí i?"

Ó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ìyá mi gbọ́wọ́ sókè. "Dúró níbẹ̀. O ti di aṣọ. Aṣọ nìkan ni mo ń rí báyìí."

Àbúrò mi fi ìṣísẹ̀ ka ọ̀nà náà padà. Lọ́jọ́ kejì ó fi ìṣísẹ̀ kan náà ka inú gbọ̀ngàn láti orí ìtàgé. Ìlà kẹta ló bọ́ sí. Láti ìlà kẹrin lọ, ọmọ á di aṣọ. Ìlà kẹta la sì ra, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

Ìyá mi ò lè dá lọ. Àwọn ìyá mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀ ní àwọn náà ń bọ̀, láti wá rí i pé ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ò burú, àti pé tó bá burú, kí àwọn lè rí i dáadáa.

Ọ̀nà tí àwọn ìyá wọ̀nyí ń gbà rìn ò tíì yí padà láti ayé ọkọ̀ ẹrù. Nígbà náà, bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ kan ẹnubodè ní Gaya, obìnrin tó bá kọ́kọ́ dé Niamey nínú wọn ló ń kó ìwé gbogbo wọn mọ́ra, á dì í sínú aṣọ kan, á jókòó tì í. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ọ̀kan wò á yẹ gbogbo wọn wò. Ẹni tó bá fẹ́ dá ọ̀kan dúró, kó wá ibi tó máa kó gbogbo ọkọ̀ sí. Bí wọ́n ṣe ń jókòó náà nìyẹn: kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í ṣe ẹni tó lówó jù, bí kò ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé Niamey. Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn, Ìyá Àgbà là ń pè é. Ìyá mi ló ṣìkẹrin.

Lọ́jọ́ eré, wọ́n gbọ́ pé àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Lójú tiwọn, ibi tí aṣọ iṣẹ́ bá wà, káàdì ìgbélùú náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kálukú wọn bá ká tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ káàdì ìgbélùú, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ka orí wa, ó já etí àwọn tíkẹ́ẹ̀tì, Ìyá Àgbà dì wọ́n padà. A jókòó. Ẹnikẹ́ni ò wo nọ́ńbà. Bí wọ́n ṣe dé Niamey ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn lórí àga, èmi wá kángun sí ìpẹ̀kun bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ tí kò rin ìrìn kankan.

Ìyá mi ti nu awò ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú wá dúró síwájú wa. Ó sọ ọ́ ní èdè Faransé pé wọ́n ti apá àárín pa, láti ìlà kìíní dé ìkarùn-ún. Kí gbogbo wa gòkè lọ sẹ́yìn pátápátá, nítòsí òrùlé, wọ́n á fún kálukú ní nọ́ńbà tuntun. Àwọn ará ìlà mẹ́rin yòókù dìde, wọ́n ń kùn. Àwa ará Niamey mọ bí a ti ń kùn ká sì máa rìn lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi.

"Kí ló ṣe ìlà náà?"

"Ó ní nǹkan kan ló bàjẹ́ lára ẹ̀rọ."

"Ẹ̀rọ wo ló wà lára àga?"

Ọkùnrin náà yíjú sí Ìyá Àgbà, ó bọ́ sí Haúsá. "Hajiya, ku yi haƙuri," ó ní kó ní sùúrù.

"Mo ti ní in," ni Ìyá Àgbà fi Haúsá dá a lóhùn. "Òun ni mo jókòó lé yìí."

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n kó tíkẹ́ẹ̀tì wá, kóun kọ nọ́ńbà tuntun sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà tú aṣọ. Gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀: káàdì ìgbélùú mẹ́sàn-án, fọ́tò mẹ́sàn-án tí inú wọn ò dùn, tíkẹ́ẹ̀tì wá fọ́n ká sábẹ́ àga. Ọkùnrin náà mú káàdì kan, ó wò ó, ó wo ojú mẹ́sàn-án nínú ìbòrí mẹ́sàn-án.

"Ta ló ni tíkẹ́ẹ̀tì keje?"

"Gbogbo wa ni," ni Ìyá Àgbà wí.

"Ta ló jókòó sí keje?"

"Ẹni tó dé ṣìkejì."

"Dé ibo?"

"Niamey! Ìwọ, ṣé wọ́n ti bí ọ nígbà náà?"

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn káàdì jọ láti ọwọ́ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, bí ẹni pé òun ló gba ọkùnrin náà lálejò. "Ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú yìí ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ṣé ti àga ló wá kù báyìí?"

Ọkùnrin náà lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá yìí ń sọ Faransé gba imú, bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wà fún oúnjẹ nìkan. Èmi ló dojú kọ. Ó ní òun rí i pé ọ̀mọ̀wé ni mí, kí n jọ̀ọ́ bá òun la àwọn ìyá wọ̀nyí lọ́yẹ̀. Mo mọ ọjà yẹn. "Ọ̀mọ̀wé" ni wọ́n máa ń sọ fún ọ tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ ti ìyá rẹ kúrò lórí àga. Mo bi í léèrè pé irú ẹ̀rọ wo ló bàjẹ́.

Kò tíì dáhùn tí nǹkan náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, tìmùtìmù pupa wà lára rẹ̀, ọkùnrin méjì ló gbé e gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mẹ́fà ni wọ́n, àga ńlá mẹ́fà, wọ́n ń tò wọ́n síwájú ìlà kìíní.

"Ṣé àwọn ẹ̀rọ náà nìyí?" ni mo wí.

Ó wá sọ ọ́. Àwọn èèyàn pàtàkì ń bọ̀. Ètò wọn ni pé kí ìlà márùn-ún tó wà lẹ́yìn wọn ṣófo. Àwọn èèyàn ńlá kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa mí sí wọn lọ́rùn.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá mi bọ́ awò ojú rẹ̀. Zarma, èdè ìlú níbí, ló fi sọ̀rọ̀, Zarma ọjà, tó le tó sì já gaara, kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́.

"Ọmọ tó ń bọ̀ lórí ibẹ̀ yẹn, èmi ni mo bí i. Láti ibí yìí, màá rí ojú rẹ̀. Láti ibi tí ẹ ní kí n lọ, aṣọ ni màá máa wò. Mo ní aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò wá wo aṣọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n mí, kó wá fọwọ́ dí mi nímú."

"Màdáámù, eré ò ní bẹ̀rẹ̀ tí ẹ ò bá dìde," ni ọ̀gá wí.

"Kò burú," ni Ìyá Àgbà wí. "A ti kírun Alásàrì. Ó di Mọ̀gàríbì ká tó ní iṣẹ́ mìíràn."

Wọ́n fi omi ọsàn tutù lọ̀ wá lọ́fẹ̀ẹ́ tí a bá lè gòkè. Ìyá kan ní kí wọ́n gbé e wá síbí. Àwọn ìyá mẹ́sàn-án fi apá kọ́ apá, wọ́n jókòó bí ògiri. Ìgbà náà ni ọkùnrin arúgbó kan, olùkọ́ láti àdúgbò Banifandou tó ti bá àwọn yòókù gòkè lọ, sọ̀kalẹ̀ padà wá, ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀. Ó jókòó sí ìlà kejì, síwájú wa gan-an. "Mo san owó ibí yìí," ló wí. Lẹ́yìn rẹ̀, tọkọtaya kan. Lẹ́yìn wọn, gbogbo ìlà kẹrin. Ọ̀gá wo aago, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó fi imú sọ ohun kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A ṣẹ́gun, àbí? Àwọn èèyàn pàtàkì dé, mẹ́rin nínú mẹ́fà, pẹ̀lú fìlà gíga wọn. Wọ́n jókòó. Wọ́n pa iná gbọ̀ngàn. Mo wá gbọ́ ohùn ìyá mi, ohùn kékeré tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ẹ̀yìn àga nìkan ni mo ń rí."

Òótọ́ ni. Àwọn àga náà ga bí ilẹ̀kùn. A ò dìde, wọ́n sì ti ìlà kẹta pa mọ́ wa lójú.

Àga méjì tó wà láàárín ṣófo. Ìyá mi wò wọ́n. Ó yíjú sí Ìyá Àgbà, torí pé bí àga iwájú bá wà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ín, ẹni kẹrin ò gbọdọ̀ fò ó. Ìyá Àgbà tún ìbòrí rẹ̀ ṣe.

"Lọ. Ọmọ tìẹ ni."

Ìyá mi dìde. Ọkùnrin oníkóòtù sáré wá, ó ń rán an létí wúyẹ́wúyẹ́ pé ìyá fúnra rẹ̀ ló ní òun ò ní kúrò níbi tóun wà.

"Mo ní mi ò ní sún sẹ́yìn," ni ìyá mi wí. "Mi ò sọ pé mi ò ní sún síwájú."

Ó jókòó sórí tìmùtìmù pupa láàárín fìlà gíga méjì. Ó na ọwọ́ sí mi. "Wá máa túmọ̀ Faransé wọn fún mi." Àga kejì ni mo jókòó sí.

Àbúrò mi jáde sórí ìtàgé. Ó dúró nínú ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀. Ìyá mi na ara síwájú, ó di apá àga mú.

"Ó ti rù," ó sọ ọ́ sókè. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Igun ẹnu àbúrò mi mì, ìyá mi sì rí i, nítorí ó fọwọ́ gún mi ní ìhà. "Ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Mo rí ẹnu rẹ̀."

Ohun tó yẹ kí n máa wò nìyẹn, àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n mo fara ti tìmùtìmù, mo tún ọrùn ẹ̀wù mi ṣe, mo rọra yíjú sẹ́yìn láti ọ̀tún dé òsì, kí n lè mọ àwọn tó rí mi.