Bàtà fún Ẹsẹ̀ Tí A Kò Rí

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù mí. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ òsì mi kò bá ọ̀tún dàgbà mọ́. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ aránbàtà ní Bẹẹrẹ nílùú Ìbàdàn, kò sunkún lójú mi rí. Wọ́n gbé mi jókòó sórí àpótí iṣẹ́ wọn, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì rán bàtà kan fún mi tí àtẹ́lẹ̀ ọ̀kan fẹ́lẹ́, tí ti èkejì nípọn bí búrẹ́dì. Bàtà yẹn ni mo wọ̀ gun òkè Màpó lọ sí iléèwé. Àwọn òbí tó rí mi lójú ọ̀nà ń béèrè ẹni tó rán an. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ tiwọn wá láti Òjé àti Ìdí Àrẹrẹ. Nígbà tí mo fi dàgbà, bàbá mi kì í rán bàtà mìíràn mọ́ àfi ti ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba.

Iṣẹ́ táípù ni èmi kọ́. Nígbà tí kọ̀mpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ náà mọ́ wa lọ́wọ́, tí ọ̀rúndún ogún ku ọdún díẹ̀ kó parí, mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀mpútà kan tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nísàlẹ̀ òkè Màpó. Ẹgbẹ́ mi ni olùkọ́ wa, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ṣí ìkànnì ilé ìtajà kan tó wà lókè òkun hàn wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Aago ọwọ́ ni wọ́n ń tà. Mo bi í bóyá aránbàtà ní Bẹẹrẹ pẹ̀lú lè ní irú rẹ̀. Ó ní ìkànnì kò le kọ́, pé níní ohun tí àwọn èèyàn á torí rẹ̀ wá síbẹ̀ ni iṣẹ́.

Mo sáré lọ bá bàbá mi. Wọ́n gbọ́ mi dópin, wọn kò dá ọwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, wọ́n wá ní, "Ẹni tó wà lókè òkun, báwo ni mo ṣe fẹ́ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀?"

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ronú sí i. Níkẹyìn a fẹnu kò pé oníbàárà máa gbé ẹsẹ̀ lé bébà, á fi pẹ́ńsù fa ilà yí i ká. Lẹ́yìn náà á to ìwé sábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú títí ìbàdí rẹ̀ méjèèjì á fi dọ́gba, á wọn bí ìwé náà ṣe ga tó, á sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìlànà mẹ́ta péré. Mo tẹ̀ ẹ́ lédè Yorùbá àti lédè Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìkànnì náà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá mi wá wò ó, fọ́tò bàtà mẹ́rìnlá la ti kó síbẹ̀. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ń yọ láti òkè wá sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa aṣọ kúrò lójú fèrèsé. Bàbá mi wò títí, wọ́n mú iṣẹ́ jáde nínú àpò, wọ́n ń rán an lọ. Àwòrán kò tíì dé gìgísẹ̀ bàtà tí wọ́n fi rán okùn kan tán. Wọ́n ní kí oníbàárà tó rí bàtà yìí, á ti lọ kírun, á sì ti padà dé. A yọ mẹ́wàá kúrò nínú fọ́tò náà, olùkọ́ sì dín ìwọ̀n mẹ́rin tó kù kù.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Kọ̀mpútà náà kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. "Ẹ fi ẹsẹ̀ yín ránṣẹ́" wá di "E fi ese yin ranse." Bàbá mi kà á, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ń gba ẹ̀ṣẹ̀ èèyàn ní Bẹẹrẹ. A ya àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà.

Lójú tèmi, a ti ṣe tán. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la ó ṣí i. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní kí á kọ́kọ́ rán bàtà kan fún ẹni tí àwọn kò rí rí, kó jẹ́ pé ohun tó wà lójú ìkànnì nìkan ni ẹni náà fi wọn ẹsẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣe tísà ní Ìsẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi tèmi. Mo tẹ ìlànà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà, mo fi ránṣẹ́ sí i, n kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ó fi bébà ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ padà. Bàbá mi rán bàtà náà, ó rẹwà bí ohun tí èèyàn ń gbé sínú gíláàsì. Ọ̀rẹ́ mi wá gbà á fúnra rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀, ó dìde, ó sì tún jókòó kíá. Bàtà ń fún un.

Ojú tì mí. Bàbá mi ní kó fi ẹsẹ̀ lé bébà tuntun lójú àwọn. Ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀, ó mú pẹ́ńsù. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti dá a dúró.

"Ṣé bí o ṣe jókòó yìí lo ṣe fà á nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí n dìde."

Òótọ́ ló sọ. Ẹsẹ̀ tó ru ara máa ń fẹ̀ ju ẹsẹ̀ tó sinmi lọ. Láti bí ogójì ọdún tí bàbá mi ti ń rán bàtà, gbogbo oníbàárà ló ń dìde dúró níwájú wọn, wọn kò fìgbà kan nílò láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí á kàn fi "ẹ dìde" kún un, kí á sì ṣí ìkànnì lọ́jọ́ Ajé bí mo ti kéde. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní tí àwọn bá ti gbàgbé ọ̀kan, àwọn á ti gbàgbé òmíràn. Ọjọ́ Ajé náà dé, ó kọjá, àwọn tí mo ti kéde fún ń bi mí léèrè. Èmi sì jókòó sí ìsọ̀ bàbá mi pẹ̀lú ìwé àti bírò, mò ń wo ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọn ẹsẹ̀ oníbàárà. Wọ́n máa ń ní kí èèyàn wo iwájú, torí ẹni tó bá wo ilẹ̀ á fi ara tì sápá kan. Wọ́n máa ń mú pẹ́ńsù nàró ṣánṣán. Wọn kì í wọn ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni láàárọ̀, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọ̀sán. Ìwé líle ni wọ́n ń tò sábẹ́ ẹsẹ̀, wọn kì í lo èyí tó ń tẹ̀. Mo ń kọ, bàbá mi ń wo ohun tí mo kọ, ó ń yà wọ́n lẹ́nu pé àwọn ń ṣe gbogbo ìyẹn. Ìlànà mẹ́ta di mẹ́jọ.

Ọ̀rẹ́ mi ò ṣeé fi dán an wò mọ́, ó ti mọ àṣírí. Ó bá wa wá bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan nínú ìjọ Aládùúrà tiwọn ní Ìsẹ́yìn, tí ọkọ̀ ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nígbà kan rí. Bàbá náà fi bébà ránṣẹ́, bàbá mi rán bàtà, awakọ̀ kan gbé e lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́tà ọ̀rẹ́ mi dé. Ó ní bàbá náà wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jó níbẹ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá mi gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á fúnra wọn, wọ́n ní, "Ẹ lọ ṣí i."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta péré ló wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Bàbá mi wọ dàńṣíkí funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ kí Jímọ́ọ̀. Wọ́n ṣe Bìsìmílà, olùkọ́ tẹ nǹkan kan, ó ní ó ti parí.

"Ó ti ṣí?" bàbá mi bi í.

"Ó ti ṣí, Bàbá."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Kò tíì sí ẹnikẹ́ni, sà."

Wọ́n ní kò burú. Nígbà tí àwọn kọ́kọ́ ṣí ìsọ̀ Bẹẹrẹ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko làwọn fi jókòó kí ẹnì kan tó yà síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìwé àkọ́kọ́ wọlé sórí kọ̀mpútà. Obìnrin ọmọ Ìbàdàn kan tó ń gbé nílùú olótùútù lókè òkun ló kọ ọ́, ní Yorùbá tí kò lámì. Ó ní àwọn ilé ìtajà ọ̀hún kò ní bàtà tó bá ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún méje, mu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bébà ẹsẹ̀ ọmọ náà dé. Ìyá rẹ̀ ti fi àmì sí ìlànà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí nǹkan kan láti béèrè. Awọ pupa ni wọ́n fi rán an. Wọ́n fi ọ̀rá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì nítorí òtútù.

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló wá pè mí ní ìsọ̀, ó ń sáré, n kò rí i kó sáré rí. Ìyá ọmọ náà kọ̀wé pé bàtà bá ọmọ òun mu láti ọjọ́ tó dé. Ó ní òun wà ní kíṣìnnì lálẹ́ ọjọ́ náà tí ọmọ ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun sì dáwọ́ dúró, nítorí òun kò gbọ́ kí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba rí láti ọjọ́ tó ti ń rìn.

Bàbá mi ní kí n tẹ ìwé náà sórí bébà fún àwọn. Wọ́n gbà á, wọ́n ti ìsọ̀ pa lọ́sàn-án gangan, ohun tí n kò rí rí. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba pẹ̀lú bébà náà lọ́wọ́, wọ́n ń dúró ti gbogbo aránbàtà, gbogbo aláwọ àti gbogbo ojúlùmọ̀ tí wọ́n bá pàdé, wọ́n sì ń kà á sí wọn létí bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.