Àga Onítáyà Tí Mo Gbé Lọ sí Ìkómọ ní Ìmùṣin

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà nígbà tí mo ti àga onítáyà jáde ní ilé ìtọ́jú wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti jẹun. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́ nípa wa, àwọn tí dókítà ti sọ pé àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́ là ń tọ́jú. À ń bá wọn dín ìrora kù, à ń jókòó tì wọ́n, à ń lọ bá àwọn mìíràn nílé. Nọ́ọ̀sì ń gba owó oṣù. Ọ̀fẹ́ ni àwa yòókù ń ṣe é. Owó mọ́tò tí a fọ̀ láwọn ọjọ́ Sátidé la fi ra àga yìí, láìka jíìpù ọ̀gá yunifásítì kan tó ní ká fọ̀ ọ́ ná, òun ń bọ̀ wá sanwó. Mo ṣì rántí nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀.

Ìyá Àgbà, aláìsàn wa kan ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, la rà á fún. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin bímọ, ìkómọ sì bọ́ sí òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn nílé ọkọ rẹ̀, lódìkejì ìlú. Egungun ìbàdí ló ń yọ Ìyá lẹ́nu. Bí èèyàn bá gbé wọn lọ́wọ́, igbe ni wọ́n ń ké. Ẹbí ní kí Ìyá fi orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ rán ẹlòmíràn. Ìyá ní, "Mi ò ní fi orúkọ rán ẹnikẹ́ni. Ẹnu mi ni n ó fi pè é." Nítorí náà, dandan ni kí n débẹ̀ kí ètò tó parí.

Ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà wo àga, ó wò mí.

"Àǹtí, ẹ ó san ti èèyàn méjì."

"Ta ni ìkejì?"

"Ẹni tó jókòó sórí táyà yẹn."

"Kò sí ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀!"

"Ó ṣáà ti gba àyè."

Ẹgbẹ̀rún kan náírà lẹ́nì kan ń san. Mo san méjì. Nígbà tó wá fẹ́ gbé àpò gààrí ẹlòmíràn lé àga náà, mo ní kò jẹ́ bẹ́ẹ̀: èrò tó sanwó kì í ru ẹrù. Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń gbé ẹja gbígbẹ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ní, "Àǹtí, ṣé lọ́yà ni yín ni?" Mo ní rárá, inú ló ń bí mi.

Ó sì yẹ kó bí mi. Dẹ́rẹ́bà ní kíá la ó gbéra. Oòrùn yọ bá wa ní gáréèjì. Kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà, ẹni tó bá gba owó láti dí i kò dí i rárá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ̀ ní Ìmùṣin, ara mi yá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí o bá ti àga òfìfo lójú títì, ọlọ́kadà á máa fun fèrè mọ́ ọ. Ní Ìmùṣin, láti iwájú ilé gbogbo ni wọ́n ti ń kí mi, tí wọ́n ń bi mí pé ta ló ṣubú.

Ìyá Àgbà ti múra, wọ́n ti lé tìróò. Àlàájà, ọmọ wọn, tó jẹ́ ìyá ìyálọ́mọ, ló dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Kẹ̀kẹ́ arọ níbi ìkómọ? Lójú àwọn àna? Wọ́n á ní àìsàn wà nílé wa!"

"Ṣé kò sí ni?" Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ìyá pariwo láti inú yàrá: "Sikírátù, jẹ́ kí wọ́n rí mi! Ṣé mo jí nǹkan wọn ni?"

Ẹ̀rín gba Àlàájà lẹ́nu. Nígbà tí a rọra gbé Ìyá jókòó tán, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti àga, Àlàájà já a gbà lọ́wọ́ mi. "Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ ń ti ìyá mi bí ọmọlanke!"

A fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Gọ́tà tó wà níwájú ilé àwọn àna kò ní pákó kankan lórí. Èmi àti Àlàájà la jọ gbé àga sọdá, Ìyá di ọwọ́ àga mú, wọn kò ké. Àáfà ti pe ọmọ ní Máríámù, abọ́ owó orúkọ ti ń lọ yíká. Wọ́n gbé ọmọ lé Ìyá lórí itan. Ìyá ju owó sínú abọ́.

"Mojísọ́lá," ni Ìyá wí. "Ọlá ni mo jí sí lónìí."

Ariwo ayọ̀ sọ lábẹ́ àtíbàbà, tèmi ló sì pọ̀ jù. Wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, ewùrà rẹ̀ kúnná, ata rẹ̀ ṣe rẹ́gí, ṣùgbọ́n kò sí ẹja nínú tèmi. Mo sọ ọ́. Wọ́n fi ẹja sí i.

Ìyá ọkọ ìyálọ́mọ pè mí sẹ́yìn ilé. Mo ti múra ìjà nítorí àga. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ní, "Àǹtí, níbo lẹ ti rí i? Bàbá wa wà ní yàrá lọ́hùn-ún, láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọn ò ti jáde. Àwa ò fẹ́ káwọn àna mọ̀ ni."

Ẹ gbọ́! Ìdílé méjèèjì ń jẹun pọ̀, oníkálùkù sì ti fẹ́ fi aláìsàn tirẹ̀ pa mọ́ fún ìkejì. Mo wọlé lọ kí Bàbá. Wọ́n dojú kọ fèrèsé, wọ́n ń gbọ́ ìkómọ ọmọ-ọmọ wọn látibẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Àgbà mà wá! Ta ló gbé wọn wá?" Mo sọ fún Bàbá pé nọ́ọ̀sì wa yóò wá wò wọ́n, àti pé a ó tún fọ mọ́tò títí àga tiwọn yóò fi dé.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé a gbọ́dọ̀ máa kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò pè wá sí. Bí mo ṣe wọlé, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yí mi ká: "Ìyá ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà?"

Inú tún bí mi. Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹ bi mí pé orúkọ wo ni Ìyá sọ ọmọ.