Ewúrẹ́ Tí Kò Sí Nílé Wa

Ìtàn ewúrẹ́ yẹn dùn, mi ò ní parọ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti hun ún, láti Itamaga ní Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, mo fi ìborùn gbé ọwọ́ òsì mi kọ́ ọrùn. Bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn tí ìyá àgbà kan bi mí pé kí ló ṣe ọwọ́, mo bẹ̀rẹ̀.

"Ewúrẹ́ ilé wa ni, mà. Ó ń jẹ gààrí mi, mo lé e. Ó dúró, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó rí i pé tísà lásán ni mí. Ló bá yí padà, òun náà wá ń lé mi! Ibi tí mo ti ń sá fún ẹran ọbẹ̀ ni mo ṣubú sí."

Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń wúkọ́ ní kí n jọ̀ọ́, kí n má pa òun. Nọ́ọ̀sì tó ń pe aláìsàn wọlé náà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn.

A ò ní ewúrẹ́. A ò sin adìẹ pàápàá. Ọkọ mi ló lọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi ikùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, òun náà bá wa rẹ́rìn-ín. Ó sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé gééètì, ó padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ètè mi wú, kẹ́mísì àdúgbò ni mo lọ. Obìnrin tó ń ta oògùn níbẹ̀ wò mí, ó ní, "Tísà, ẹ̀yin náà, ẹ máa ṣọ́ ẹnu yín. Ẹnu yín ti mú jù." Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo sì gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú ti ń tì mí, bí ẹni pé èmi ni mo fi ẹnu ara mi ra ìyà wálé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ní Ìkòròdú, kò sí ilé ìwòsàn tí mo lè wọ̀ tí mi ò ní bá ọmọ tí mo kọ́ ní ABD níbẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì yẹn bẹ ẹnì kejì rẹ̀ pé kó fún wa láyè, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó ká apá aṣọ mi sókè. Ojú ibi tí ìka ti tẹ̀ mí ti di dúdú.

"Ìtàn yín dùn, mọ́mì," ló wí. "Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kì í ní ìka."

Mo la ẹnu kí n wá ìka fún ewúrẹ́. Ó ti ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Gbogbo obìnrin tó bá gbé irú ọwọ́ báyìí wá ni mo máa ń bi: ṣé ẹnì kan ló ṣe yín? Tí ẹ ò bá fẹ́ dáhùn, a ó tọ́jú ọwọ́ yín náà ni. Tí ẹ bá sì dáhùn, kò ní ti ẹnu mi jáde àfi tí ẹ bá ní kó jáde."

Ó ń fi báńdéèjì wé ọwọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún, ó pa á. Kò kán mi lójú.

"Ọkọ mi ni," mo ní. Mo tún yára fi kún un: "Ẹnu mi ló fà á. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ yín kan náà ni gbogbo àwọn tó wà níta ń rẹ́rìn-ín sí láti àárọ̀. Ṣé ẹnì kankan lọ́ yín lọ́wọ́ níbẹ̀?"

Mo sunkún. Ojú ẹkún náà tún tì mí, nítorí mo lè bí nọ́ọ̀sì yẹn lọ́mọ.

Kò ní kí n kọ ọkọ sílẹ̀, kò sì ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní tí mo bá gbà, òun á kọ ohun tí òun rí sínú káàdì mi, ó lè wúlò lọ́jọ́ iwájú. Ó ní ọ́fíìsì ìjọba kan wà tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Tí mo bá fẹ́ ọlọ́pàá, òun á fi ọ̀nà hàn mí. "Ọwọ́ yín ló wà, mà. Àmọ́ ti alẹ́ òní ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ẹ ní ẹni tí ẹ lè sùn sọ́dọ̀ rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Èjìnrìn. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wa kọjá oríta ibẹ̀ láàárọ̀, òdìkejì ni mo kọjú sí. Nọ́ọ̀sì jókòó tì mí, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí nǹkan. Ewúrẹ́ kan ló…"

Ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o máa ń sá fún ewúrẹ́! Ìgbà wo lẹ ra ewúrẹ́?"

Mo wo nọ́ọ̀sì. Báńdéèjì ni ó ń wò.

"Kò sí ewúrẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ló lọ́ mi lọ́wọ́."

Ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró. "Níbo lo wà? Má kúrò níbẹ̀. Mò ń bọ̀."

Nígbà tí mo jáde, ìyá àgbà orí bẹ́ńṣì ti ń dúró dè mí. "Tísà," ó ké sí mi, "tí ẹ bá délé, ẹ bá wa kí ewúrẹ́ o!" Gbogbo wọn tún bú sẹ́rìn-ín.

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

"Mi ò ní lè bá yín kí i, mà," mo ní. "Mi ò ní padà sílé lónìí."