Ohùn Ọmọ Ladáànì

Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ la ẹnu kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí bọ̀ọ̀dá mi ti ń ṣiṣẹ́, èmi ń nu epo dúdú kúrò lára ìró mi lọ́wọ́. Ọwọ́ mi dúró síbẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ohùn ọmọbìnrin yìí láti ìgbà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Bẹyẹrunka. Mo máa ń gbọ́ ọ tó bá ń rojọ́, mo máa ń gbọ́ ọ tó bá ń pe oníbàárà tó gbàgbé aṣọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé irú èyí wà níbẹ̀. Kò dùn bíi ti àwọn obìnrin tó ń kọrin nínú rédíò. Ó há díẹ̀, ó rí gbágungbàgun létí, ó sì lágbára débi pé páànù orí ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo bọ̀ọ̀dá mi, òun náà ń wò mí, gìtá wà lọ́rùn rẹ̀, kò ta á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan ní Bẹẹrẹ, ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni ọ̀gá náà bíi tiwa. Tó bá ti di Sọ́ńdè, á wọ aṣọ funfun, á rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà, kò sì ní padà títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi, tó yẹ kó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, á ní òun ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Èmi á yọ́ jáde lẹ́yìn ìwàásù. Kí Ọlọ́run má bi wá.

Bọ̀ọ̀dá mi ní gìtá àlòkù kan tó rà lọ́wọ́ ẹnìkan tó fi ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ lọ ṣe kọ́lékọ́lé. Ó kó ìfun àwọn rédíò tó ti kú jọ, ó fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ń gbé ohùn sókè, bátìrì mọ́tò ló sì ń gbé e ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe tíṣà ń ta gìtá kejì, èyí tí ohùn rẹ̀ wúwo. Ìlù ni tèmi. Mo ní ìlù kékeré kan tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ dà nù, mo ní dúrọ́ọ̀mù epo kan, mo sì ní irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo ẹsẹ̀ mọ́tò. Tí mo bá lu irin náà, ajá á gbó dé Ọjà'ba.

Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe orin yẹn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí bí ọdún mélòó kan ni. Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń gbé àwo orin náà wọ ìlú, àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ á sì péjọ sí kọ̀rọ̀ láti gbọ́ ọ, torí àwọn àgbà gbà pé ariwo ni. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà ní Ìbàdàn tó ń kọ ọ́, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọ́n á máa gba imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Ọ̀rẹ́ mi kò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá rí ló ń kọ lórin. Ó kọrin nípa omi Ògùnpa tó gbé àga ìdáná ẹnìkan lọ, ó kọrin nípa ọ̀gá aránṣọ wa tó ń fi rúlà gbá wa lórí, ó sì kọrin nípa àgbò tó já okùn nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ méjì. Orin àgbò yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ó máa ń lé e títí orúnkún rẹ̀ á fi tẹ̀, gbogbo wa á sì máa sá tẹ̀lé e.

A kò fún ẹgbẹ́ wa lórúkọ. Àwọn ará àdúgbò ló ń pè wá ní aláriwo. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Oríta-mẹ́rin, àwọn ọmọ yunifásítì sì ń bá wọn wá, gbogbo wọn á jókòó sórí táyà àti àpótí irinṣẹ́, aṣọ wọn á sì bàjẹ́. Wọn kì í jó. Wọ́n kàn máa ń wo ọmọbìnrin yẹn ni, ẹnu wọn á là sílẹ̀. Bí mo ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀ nídìí ìlù yẹn, bí mo bá gbójú sókè wo ojú wọn, inú mi á dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń wò.

Bàbá rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Òun ni ladáànì mọ́sáláṣí àdúgbò wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ẹni tó ń pe ìrun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Láàrin ìrun kan sí èkejì, fìlà ló ń rán. Mọ́sáláṣí wọn kò tíì ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà yẹn, ọ̀fun bàbá náà ni gbogbo àdúgbò fi ń jí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà wá. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún un pé ẹgbẹ́ àsàláátù àwọn ọmọbìnrin ni òun ń lọ láràárọ̀ Sọ́ńdè. Á ta ìborùn funfun mọ́rí, á kí bàbá rẹ̀, á jáde. Ní ṣọ́ọ̀bù, á ká ìborùn náà dáadáa, á fi í sínú àpò kó má baà kan epo. Ọdún kan gbáko nìyẹn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àsàláátù náà gbọ́ pé ara bàbá kò yá, ó wá kí i. Ó tún wá fi tinútinú béèrè bí ara ọmọbìnrin náà ṣe rí, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé bàbá béèrè káàkiri àdúgbò títí wọ́n fi sọ ti orin náà fún un, ṣùgbọ́n kò na òun, kò sì bú òun. Ó rán fìlà ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dúró, ó gé òwú, ó wá ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti fẹ́ òun láti ọdún méjì, kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Ó ní ilé ọkọ ni ariwo náà máa parí sí.

Kì í ṣe pé ọ̀rẹ́ mi kò fẹ́ ọkùnrin náà. Aago ló ń tún ṣe ní Oríta-mẹ́rin, ó mọ́ra, ó sì lójú àánú. Ọ̀rẹ́ mi tiẹ̀ bi í léèrè bóyá òun á lè máa kọrin lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní tó bá jẹ́ tòun ni, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní fún un ní ohun tí bàbá rẹ̀ fi dù ú, ẹnu àna kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fò kọjá. Nítorí náà, ẹnu bàbá yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Bọ̀ọ̀dá mi àti tíṣà lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó fún wọn lómi mu, ó gbọ́ wọn tán, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń kírun. Wọ́n ní Kìrìsìtẹ́nì làwọn. Ó ní ó dáa, kí wọ́n kí àwọn ará ilé.

Ìyá bàbá náà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá àgbà, ló fi ọ̀nà kan hàn wá. Ó ní ọmọ òun kò ní relé ọkọ láìsun ẹkún ìyàwó. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ti ń fi ẹkún ìyàwó sílẹ̀, àwọn àlùfáà kò sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa kọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu? Bó ṣe rí ni pé lọ́jọ́ tí ìyàwó ń lọ, á kúnlẹ̀ níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀, á fi ohùn arò sọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀. Bàbá kò gbọ́dọ̀ dá a lẹ́nu, kò gbọ́dọ̀ dìde kúrò níbẹ̀. Àdúrà nìkan ló lè fi dá a lóhùn, ìyàwó kò sì ní dìde títí ìdáhùn náà á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí Ìyá àgbà ṣe ń kọ́ ọ, èmi náà jókòó tì wọ́n. Ó yí sí wa, ó ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún obìnrin, kó má fi ṣòfò."

Ibi tí a ti wá ṣe bí òmùgọ̀ nìyí. Àwa ẹgbẹ́ rò pé ẹ̀rọ bọ̀ọ̀dá mi ló ń mú ohùn ọ̀rẹ́ wa tóbi. Ọ̀sán ọjọ́ ìgbéyàwó, bọ̀ọ̀dá mi kó bátìrì, ẹ̀rọ àti gbohùngbohùn sínú ọmọlanke, ó tì í gun òkè títí dé Ìsàlẹ̀ Òsì. Ó gbé gbohùngbohùn síwájú ìyàwó lórí ẹní níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbọ́n. Àwọn ìyá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo ara wọn. Àwọn ìyàwó méjì tó wá láti ilé ọkọ láti mú un lọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ojú ń tì mí fún wa. Ọ̀rẹ́ mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti gbohùngbohùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bọ̀ọ̀dá mi pa ẹ̀rọ, ó gbé e jáde lọ sí ìta.

Ó wá gbé ohùn sókè.

Bàbá mi, mo wá dágbére,
Mo wá jẹ́wọ́ kí n tó lọ.
Sọ́ńdè tí mo ní mò ń re àsàláátù,
Irọ́ ni mo pa, ẹ fi jì mí.
Àárín táyà, àárín epo dúdú,
Ibẹ̀ ni mo ti ń kọrin.
Ẹ fún mi níṣẹ́ abẹ́rẹ́, mo kọ́ ọ,
Ẹ fún mi lọ́kọ, mo dúpẹ́.
Ẹ má gba ohùn lọ́wọ́ mi,
Ẹ̀yin lẹ fi bí mi.

Mo ti gbọ́ ọmọbìnrin yìí ní gbogbo Sọ́ńdè fún ọdún kan, n kò gbọ́ ọ báyìí rí. Ohùn yẹn kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kún àgbàlá, àwọn tó ń kọjá lọ́nà dúró. Ó há bó ṣe máa ń há, ó sì ń lọ jìnnà láìsí bátìrì, láìsí ohunkóhun. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ. Mo ti sùn nílé wọn rí, ohùn bàbá rẹ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohùn kan náà ni.

Bàbá kò gbójú sókè. Ó gbàdúrà fún un pé á bímọ, á dàgbà, kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. A ṣe àmín. Kò dárúkọ ohùn. Ọ̀rẹ́ mi kò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹkún náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sun ún tán. Bàbá tún gbàdúrà ilé ọkọ kan náà. Ọ̀rẹ́ mi kò dìde. Ìyá kan sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ilẹ̀ ń ṣú lọ, Ìyá àgbà ní kí ìyẹn fi ọmọ òun sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn náà ti ń ya, ó ń jáde ní ìdajì ìdajì, kò sì dáwọ́ dúró.

Nígbà tó sun ún tán, bàbá wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ṣé báyìí lo máa ń kọ ọ́ níbẹ̀?"

"Báyìí ni, bàbá."

"Láti ọjọ́ yìí wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó mi orí. "Gbogbo èèyàn ló ti gbọ́ ọ. Èmi nìkan ni mi ò gbọ́."

Ó ní kí wọ́n fún un lómi. Ó wò ó títí ó fi mu ún tán. Ó wá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Ohùn tí Ọlọ́run fún ọ, ọkọ ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ. Èmi náà ò ní gbà á. Má parọ́ fún mi mọ́."

Àwọn ìyàwó ilé ọkọ ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Bọ̀ọ̀dá mi ṣe tiẹ̀ láti ìta nídìí ọmọlanke, ó pariwo rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi náà ṣe tèmi, ọ̀rẹ́ mi sì dìde.