Ọjọ́ Tí A Gbé Ogun Rọ́ṣíà Dé Inísà

Òórùn rọ́bà tó ń jó ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Nítòsí gáréèjì Ìkìrun, níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà, la ti máa ń jókòó nígbà tí ilé ìwé bá ṣíwọ́, èmi tíṣà àti àwọn mìíràn tí ọ̀rọ̀ ìlú wa nìkan kò tó sọ. Ọdún tí Rọ́ṣíà kógun wọ Yukiréènì ni, àríyànjiyàn sì dùn mọ́ wa lẹ́nu ju iyán lọ. Amẹ́ríkà ni mo wà fún. Mo lè ka gbogbo ọkọ̀ ojú omi wọn tó ń ru ọkọ̀ òfuurufú, bẹ́ẹ̀ odò Ọ̀tìn ni omi tó tóbi jù tí mo tíì fojú rí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Rọ́ṣíà lágbára jù wọ́n lọ, mo máa ń dìde dúró, mo máa ń ká apá ẹ̀wù sókè, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní àríyànjiyàn, Rọ́ṣíà sì ni tiwọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní Òkukù, rédíò kékeré wọn a sì máa bá wọn dé ìdí ebè. Wọ́n ní àtojúbọ̀ Amẹ́ríkà ti pọ̀ jù, pé kò sí ilé tí wọn kì í dá sí ẹjọ́ ibẹ̀, pé Rọ́ṣíà nìkan ló lè wò wọ́n lójú. Bí mo bá lọ kí wọn lópin ọ̀sẹ̀, a ó jiyàn títí ọbẹ̀ á fi tutù. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an, torí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí èmi àti bàbá mi mọ̀ ọ́n sọ fúnra wa.

Ọdún yẹn náà ni mo rí ẹni tí mo fẹ́ fi ṣaya, tíṣà bíi tèmi, ọmọ Inísà. Ó sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun wà ní Amẹ́ríkà. "Bọ̀ọ̀dá mi" ló ń pè é, bí àbúrò ṣe ń ṣe. N kò bi í léèrè iṣẹ́ tí bọ̀ọ̀dá ń ṣe, òun náà kò sì sọ, nítorí lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà lókè òkun kì í tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún ayé.

Nígbà tí ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ pé, èmi, bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tí à ń pè ní Ìyá Àgbà wọ bọ́ọ̀sì láti Òkukù lọ sí Inísà. Mùsùlùmí ni wá, Aládùúrà ni wọ́n, ìyẹn kò sì dí ohunkóhun lọ́wọ́. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n gbàdúrà sí oyin, wọ́n gbàdúrà sí omi, wọ́n gbàdúrà lé èmi àti ọmọ wọn lórí, Ìyá Àgbà sì ń ṣàmín láìsinmi. Nígbà tí oúnjẹ dé, bàbá ìyàwó tan tẹlifíṣọ̀n. Ogun náà ni wọ́n ń fi hàn.

"Amẹ́ríkà ò ní gbà fún wọn," ni bàbá ìyàwó wí.

Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ fi ẹ̀rín pe bàbá mi níjà. Wọ́n gbé àwo oúnjẹ wọn kalẹ̀.

"Àna wa, ẹ má bínú o," ni wọ́n wí. "Ẹnu lásán ni ti Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ tí inú bá bí Rọ́ṣíà dénú, eérú ni gbogbo ṣọ́jà Amẹ́ríkà máa dà. Ìyá wọn ò ní rí òkú wọn sin."

"Àmín, láṣẹ Ọlọ́run," ni Ìyá Àgbà dáhùn. Ọkàn wọn kò sí lára ọ̀rọ̀ náà rárá. Àmín tí wọ́n ti ń ṣe láti àárọ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe lọ.

Ìyá ìyàwó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn la tó gbọ́ pé ṣọ́jà ni ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Jámánì nítorí ogun náà, àti pé láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti wà nínú ààwẹ̀. Bàbá mi, tí n kò rí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní àìmọ̀ ni.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀, bàbá," ni ìyá ìyàwó wí, láìgbé ohùn sókè. "Àmọ́ àárín àdúrà lẹ ti sọ ọ́, ẹ sì ti ṣàmín sí i. Tí mo bá fún yín lọ́mọ lónìí, tí nǹkan wá ṣe èyí tó wà lọ́hùn-ún, ojú wo ni mo máa fi wo ọmọ tó bá bí fún yín?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. A rán àgbà, a rán wòlíì ìjọ wọn. Bàbá ìyàwó gbà, ìyá kò gbà, ọmọbìnrin náà kò sì lè fi omijé ìyá rẹ̀ wọlé ọkọ. Nígbà tó yá, ó fẹ́ ẹlòmíràn. Bàbá mi gbé rédíò fún aládùúgbò kan. Bí mo bá lọ sí Òkukù, a ó jẹun, a ó dákẹ́. Mo gbà pé ojú ló ń tì wọ́n nítorí ìyàwó tí mo pàdánù, mo sì jẹ́ kó máa tì wọ́n, torí inú ń bí mi.

Lọ́dún tó kọjá, nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ ní Ìkìrun, ọkùnrin kan jókòó tì mí tí ojú rẹ̀ jọ ti ọmọbìnrin Inísà tí n kò lè gbàgbé. Ó ní òun ti Amẹ́ríkà dé, pé òun ti ṣe ṣọ́jà tán. Mo bi í nípa ogun àti ohun ìjà tó wà ní Jámánì. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ilé ìdáná ni mo wà. Oúnjẹ ni mo ń sè fún wọn."

Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Inísà, mo sì gba Òkukù lọ bá bàbá mi. Mo sọ fún wọn pé mo rí ọmọ náà. Wọ́n di apá mi mú.

"Ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, bàbá."

Wọ́n sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìrun kan tí àwọn kí tí àwọn kò bẹ Ọlọ́run fún un, pé kí ẹnu àwọn má pa ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ìgbà tí mò ń bá wọn bínú, ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn, n kò sì béèrè lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, kí àwọn lè fi dúpẹ́ lórí ẹní ìrun. N kò bi í ní orúkọ rẹ̀. Láti Ìkìrun títí dé Inísà, Amẹ́ríkà ni mo ń bi í léèrè.