Ibi Tí Ìlà Ti Fò

Àǹtí Olóòfà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ìwádìí náà ń pè é, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Irin ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe irin tí wọ́n fi ń rọ ọkọ́. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó rí bí ìpẹ́ ẹja, ìpele rẹ̀ sì jókòó léra wọn bí ara àlùbọ́sà. Iná a máa sáré lórí ìpele kan bí ẹni tó ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ara rẹ̀. Kó tó bọ́ sí ìpele kejì, wàhálà ni.

Bí iná ṣe ń kọjá láàárín àwọn ìpele wọ̀nyí ni Àǹtí ń wá. Ojú ò lè rí i. Nítorí náà, á mú kí irin náà tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, á gbé e sáàárín òòfà ńlá, á máa yí i díẹ̀díẹ̀, á sì máa wo bí irin ṣe ń dènà iná sí. Bí òòfà bá ṣe kọjú sí i ni ìdènà náà ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀. Inú ìlọ sókè sódò yẹn lèèyàn ti ń mọ ohun tí irin fi pa mọ́ sínú.

Ó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá sì ti sú ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìlà tó ń fi ìdènà náà hàn lórí kọ̀ǹpútà ṣàdédé fò sókè, níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí i kó fò rí. Ọ̀gá rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Àǹtí, o ti pa ẹran ńlá!"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ó sùn ni, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó lọ sọ ọ́ ní ìpàdé. Wọ́n ní tó bá jóòótọ́, àwọn á fi ọdún díẹ̀ kún iṣẹ́ Àǹtí. Tí kò bá jóòótọ́, ìparí ọdún yìí náà ni iṣẹ́ rẹ̀ á tán. Ó ti rẹ Àǹtí débi pé kò fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń mú ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Màmá ti ṣubú níbẹ̀ rí, ìyẹn ló jẹ́ kó di apá rẹ̀ méjèèjì mú pinpin.

"Fi ọwọ́ kan sílẹ̀ fún mi! O fẹ́ fà mí ya ni?"

"Kí ẹ má baà ṣubú ni, Mọ́mì."

"Òtútù ti mú kí gbogbo ara mi súnkì, ìwọ tún ń so mí mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì."

Àǹtí dúró.

"Kí ló dé? O ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni?"

Orí méjèèjì irin náà ni òun ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ àwo tó gbé e dúró, nítorí ẹ̀rù pé yóò já bọ́. Nínú òtútù yẹn, irin á súnkì, àwo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò ní súnkì tó o. Ohun tí wọ́n lẹ̀ lórí méjèèjì, ibo ló fẹ́ yà sí?

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, ó mú ẹyọ irin kan ṣoṣo tó kù, ó lẹ orí kan, ó fi orí kejì sílẹ̀. Ó mú un tutù, ó yí i. Ìlà náà rọra gòkè, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ibi tó ti fò, kò fò. Ó wo ti àkọ́kọ́ lábẹ́ awò: ó ti sán láàárín ìpele, tín-ín-rín bí irun orí.

Ọ̀gá wọlé. "Báwo ni?"

"Kò fò, sà."

"Tún un yí."

"Mo ti tún un yí, sà. Irin ìjọsí ló sán. Èmi ni mo so ó le jù."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn ní ìpàdé. Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ ló ń lọ yẹn?"

"Mo mọ̀, sà."

Ọ̀gá jókòó, ó wo ìlà náà títí. "Èyí náà ò burú."

"Kò burú, sà. Gbogbo ayé ló ti rí irú ẹ̀ ni."

Nílé, ìyá rẹ̀ bi í ní ìbéèrè tó máa ń bi í ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. "Irin ẹ yẹn ò tíì jẹ́wọ́?"

"Ó ti jẹ́wọ́."

Màmá gbé ife kalẹ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní èmi ni mo dá òun lóró tí òun fi sọ ohun tí ò sí."

Màmá na ọwọ́ sí i.

"Wá gbé mi dìde. Ọwọ́ kan o."