Ahọ́n Bàbá Khoát Nílé Ìpọntí Tuntun

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 2024, ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òwúrọ̀, wọ́n ṣí ilé ìpọntí tuntun kan nínú ilé ìkó-ìrẹsì àtijọ́ tó wà létí odò Tam Bạc, ní ìlú Hải Phòng. Wákàtí náà wà lára ìwé pupa tí wọ́n fi pe àlejò. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ọjọ́ tí ọtí tó wà nínú táǹkì mẹ́ta nínú mẹ́rin yóò gbó. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yẹn kan náà ni.

Lã Văn Khoát ló kọ́kọ́ fi ahọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Ọdún márùndínlógójì ló lò ní ilé ìpọntí ìjọba, nínú yàrá tútù tí ọtí ti ń sinmi títí yóò fi gbó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó tọ́ ọtí wò, kí ó sì sọ pé "ó ti gbó" tàbí "kò tíì gbó." Kì í sọ ọ̀rọ̀ kẹta. Ọ̀gá márùn-ún ló dé tó sì lọ lójú rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ló ti wá bá a nínú òtútù yẹn pé Tết, ọdún tuntun wọn, ti dé tán, pé kí ó jọ̀ọ́ sọ pé ó ti gbó. Kò sọ ọ́ rí. Àwọn ènìyàn ní ìdí nìyẹn tí kò fi di ọ̀gá. Òun náà gbà pé ìdí nìyẹn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìbínú rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, yóò jókòó sórí àga oníke kékeré níwájú ìsọ̀ ọlọ́tí kan nítòsí ilé rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta bíà tó dé láàárọ̀ tó sì gbọ́dọ̀ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀pà sísè, ife kan. Yóò gbé ife náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò wo bí ìfófó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Bí ìfófó náà bá yọ̀ bọ́ sílẹ̀, á dá ife náà padà.

"Ọṣẹ ìfọwo rẹ ló wà nínú èyí. Ìwọ gan-an mu ún ná."

"Bàbá, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bú ọtí mi, ojoojúmọ́ lẹ sì ń padà wá," obìnrin ọlọ́tí náà yóò wí.

"Tí mi ò bá wá, ta ni yóò sọ fún ẹ?"

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Thoa, tó pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́dún yẹn. Inú yàrá tútù yẹn ló ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, pẹ̀lú kóòtù bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ní yunifásítì ní Hà Nội, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́fà, kó tó di pé ọ̀dọ́mọkùnrin olówó kan tó ń jẹ́ Bách gbà á pé kó wá máa pọn ọtí fún òun. Bách kò mọ ọtí pọn, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ojú ń fẹ́. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé náà pé: Ọwọ́ Lã Thị Thoa ló pọn ọtí yìí. Khoát lọ wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ó dúró sí òdìkejì títì fún bíi ìdá mẹ́rin wákàtí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó wá ẹni bú. Ó bú akọ̀wé ògiri náà pé lẹ́tà kan wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú un dúró pẹ́ kì í ṣe ayọ̀ nìkan. Ó mọ àwọn ará ìlú rẹ̀. Bí ọtí yẹn bá burú, wọn ò ní bú Bách. Orúkọ ta ló wà lára ògiri? Wọ́n á ní obìnrin ló pọn ọ́, kí lẹ tún ń retí? Ọ̀rọ̀ yẹn yóò dé gbogbo ìsọ̀ ọtí tó wà ní Hải Phòng, kò sì sẹ́ni tí yóò tún fi táǹkì lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Bách wá bá a nílé, tó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé pupa sí i, ó rò pé òun mọ ohun tí wọ́n ń wá.

"Bàbá, a fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa mu ọtí wa."

"Èmi? Ṣé o máa lè gbọ́ ohun tí mo bá sọ?"

Bách rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ tó dáa lẹ máa sọ, Bàbá."

Khoát gbà pé ìgboyà ọlọ́jà ni. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò fa tábà inú páìpù oparun rẹ̀. Kò jẹ ata, kò fi omi ẹja oníyọ̀ sínú oúnjẹ, kí ahọ́n rẹ̀ lè mọ́. Ìyàwó rẹ̀ wò ó níbi tó ti ń jẹ ìrẹsì funfun lásán, ó ní, "Ṣé ìyàwó tuntun lo fẹ́ lọ fẹ́ ni, tàbí ọtí lo fẹ́ lọ mu?"

Ó dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án géérégé. Òdòdó ìkíni kún iwájú ilé, àlejò tó tó ogójì sì ti wà lábẹ́ ibòòji níta. Ìyá Bách, Màmá Ngần, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ dí ọ̀nà.

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná. Kò tíì tó àkókò."

"Inú oòrùn?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Oòrùn ò pa yín láti ọjọ́ yìí." Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ní ilẹ̀ wọn, ẹranko ni wọ́n fi ń pe ọdún kọ̀ọ̀kan. "Ọdún Ọ̀bọ ni wọ́n bí yín, àbí? Àṣìṣe kankan ò sí níbẹ̀?"

"Ọdún Ọ̀bọ ni. Kí ló kan ọtí?"

"Ọdún Eku ni wọ́n bí ọmọ mi. Ẹni tó bá wa yan ọjọ́ yìí ní Ọ̀bọ ló bá Eku lára mu, pé Ọ̀bọ ni kó kọ́kọ́ wọlé, kó kọ́kọ́ mu. A wá Ọ̀bọ kiri àdúgbò yìí títí. Ọ̀kan ń ṣọ̀fọ̀, ọ̀kan ìyàwó ẹ̀ sá lọ. Ẹ̀yin ló wá kù."

Khoát bi í pé, "Kì í ṣe torí ahọ́n mi lẹ ṣe pè mí?"

"Ahọ́n yín kẹ̀? Ahọ́n yín gan-an la tiẹ̀ ń bẹ̀rù."

Ìbínú sì gòkè wá bá a láti inú bí ìgbà tí omi ń hó. Ọjọ́ mẹ́ta láìfa tábà. Ahọ́n ọdún márùndínlógójì, síbẹ̀ ọdún ìbí rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí kì í bá ṣe ti orúkọ tó wà lára ògiri, ì bá ti yí ẹsẹ̀ padà. Ó sì mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Ní ìlú náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ìsọ̀ láàárọ̀ ló ń gbé oríire ọjọ́ yẹn wọlé. Bó bá ṣàròyé, bó bá fajú ro, ọjà ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá wá jẹ́ ọjọ́ ìṣílé, gbogbo ọjọ́ ayé ilé náà ló di ẹrù rẹ̀. Khoát mọ ẹnu ara rẹ̀; ìdí nìyẹn tí kì í fi í ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí agogo mẹ́wàá tó lù.

"Ó ti tó," ni Màmá Ngần wí. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé. Kẹ́ ẹ sì rẹ́rìn-ín."

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò rẹ́rìn-ín.

Thoa wà lẹ́yìn pẹpẹ ọtí, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dúdú. Ó to ife kéékèèké mẹ́rin síwájú bàbá rẹ̀, ó kí i, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn gbé fóònù sókè.

Ife àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n fi òdòdó ọsàn ńlá sí. Khoát gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. "Ó ń ta sánsán bí irun ìyá mi lọ́jọ́ tó bá fi èèpo ọsàn fọ̀ ọ́," ó wí, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín, Màmá Ngần pàtẹ́wọ́. Wọn kò rí i pé kò tún gbé ife náà sẹ́nu mọ́. Lábẹ́ òdòdó yẹn, nǹkan kan wà tó ń yọ̀ lórí ahọ́n.

Ife kejì, ọtí ìrẹsì, ni ó ti rí nǹkan náà gbangba. Bọ́tà. Òórùn bọ́tà kì í jáde nínú ọtí tó ti sinmi tó. Ìwúkàrà ló ń bí i, ìwúkàrà náà ló sì ń padà jẹ ẹ́ tán bí a bá fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá lè dúró ló ń mu bọ́tà. Ife kẹta korò dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n ó ń ta ahọ́n bí ápù tí kò pọ́n. Ó gbé e kalẹ̀ tagbára-tagbára.

Ìgbà tó dé orí ìkẹrin, ọtí dúdú, ó dúró. Ó mu ún díẹ̀. Ó tún mu ún. Adùn kọfí wà níbẹ̀, ti ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò wà níbẹ̀, nígbà tó sì lọ tán, ẹnu mọ́ tónítóní. Ní gbogbo ọdún rẹ̀ nínú yàrá tútù, ilé ìpọntí ìjọba kò pọn irú rẹ̀ rí. Ó mu ún tán.

"Thoa. Ọjọ́ mélòó lèyí lò nínú táǹkì?"

"Ọjọ́ mẹ́tàlélógójì, Bàbá."

"Àwọn mẹ́ta yìí ńkọ́?"

Thoa ń fi aṣọ nu ibi tó ti mọ́. "Ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn nílé."

"Mo ní ọjọ́ mélòó."

"Mẹ́sàn-án."

"Bàbá," Bách dá sí i, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, "ẹ kàn sọ ọ̀rọ̀ oríire kan fún wa, káwọn ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í mu."

"Èyí," Khoát tọ́ka sí ife dúdú tó ti ṣófo, "ni ọwọ́ ọmọ mi. Ẹni tó bá mu ún, kó mọ̀ pé òun ti mu ọtí. Àwọn mẹ́ta yìí kò tíì gbó. Ó ku ọjọ́ méjìlá. Kì í ṣe ẹni tó pọn ọ́ ló fà á jáde, kàlẹ́ńdà ni. Ẹ̀yin yan ọjọ́ fún ilẹ̀kùn, ẹ yan wákàtí, ẹ yan Ọ̀bọ. Ta ló bi ọtí pé ọjọ́ wo ló tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

Ẹ̀rín ti kúrò lójú gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin kan tó ti ń na ọwọ́ sí ife rọra fà á sẹ́yìn. Màmá Ngần mú ojú ewé ìwé ìròyìn kan, ó ṣáná sí i lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ibi tí Khoát gbé ẹsẹ̀ gbà wọlé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti lé ẹsẹ̀ burúkú jáde. Ojú Khoát ló ti ṣe é.

"Ẹ máa sun ún," Khoát wí. "Ìwé tẹ́ ẹ ń sun yẹn náà ti gbó ju ọtí yín lọ."

"Ẹ̀yin bàbá arúgbó yìí," Màmá Ngần wí láàárín èéfín, "ọmọ yín lẹ ń bá jà, kì í ṣe èmi."

Bách yíjú sí Thoa. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Sọ fún wọn pé ó ti gbó."

"Kò tíì gbó," Thoa wí. "O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"O ní bàbá ẹ ò ní dá wàhálà sílẹ̀."

"Mo ní mo máa bá bàbá mi sọ ọ́. Ìwọ lo ní kí n má sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ burúkú kò gbọdọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìṣílé."

"Kí lẹ fẹ́ bá mi sọ?" Khoát bi í.

Ìgbà náà ni Thoa tó wo ojú rẹ̀. Ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń ka ohun tó ti há sórí. Àgbá kékeré kan péré ló fà nínú táǹkì kọ̀ọ̀kan, kò ju ife ogójì lọ, torí ọjọ́ ìṣílé. Ìyókù ṣì wà nínú táǹkì, ó ń sinmi. Ó ti bá Bách jà fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbà: ọ̀rọ̀ oríire kan láàárọ̀ yìí, kí àlejò kọ̀ọ̀kan fi ẹnu kan ife kan, kí ilẹ̀kùn padé ní ọ̀sán. Láti ọ̀la, ọtí dúdú nìkan ni wọ́n á máa tà, títí di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n.

Bách sọ lẹ́yìn náà pé òun kò ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ọtí inú táǹkì kò dín ju ohun tí Thoa sọ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wọ̀n ọ́n.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi," Khoát wí.

"Ẹ ò bi mí," Thoa wí. "Ìwé pupa dé, ẹ ṣíwọ́ tábà. Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan."

Bách na ọwọ́. "Bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn fún mi. Kọ́kọ́rọ́ yàrá táǹkì náà." Thoa tú okùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e, ó sì kó wọn sórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó mu ún tán.

Khoát fẹ́ sọ pé kò burú, pé ẹni tó bá mu ọtí dúdú yẹn yóò wá a kàn. Ó fẹ́ sọ pé òun náà kọ ọ̀gá mẹ́ta rí, òun kò kú. Ṣùgbọ́n ìbínú ṣì ń hó nínú rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí ó tọ́ kó dà á lé lórí mọ́, nítorí náà gbólóhùn kan ṣoṣo ló jáde: "Òótọ́ ni mo sọ."

"Òótọ́ ni, Bàbá," Thoa wí. "Iṣẹ́ ta lẹ wá fi sọ ọ́?"